Asẹ́ Kì í Ṣe Ìdájọ́: Èdè Àyẹ̀wò Ìdínkù Iyè fún Àwọn Àgbà ní Ilé Ìwòsàn Alábọ́dé

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òwe yìí fi hàn bí àwùjọ Yorùbá ti gbára lé iyè àgbà tó. Ẹni tí ó pẹ́ láyé ni ó mọ ààlà oko. Òun ni ó mọ oríkì ìdílé. Òun náà ni ó mọ ẹni tí ó jẹ gbèsè àti ẹni tí ó ti san án. Nígbà tí iyè irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, kì í ṣe òun nìkan ni nǹkan bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Gbogbo agbo ilé ni.

Ìtòrí, tí í ṣe olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ewékorò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, wà ní ojú ọ̀nà tí ó ti Èkó wá sí Abẹ́òkúta. Kí a mú ìyá àgbà kan ní irú ìlú yìí ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin mú un wá sí ilé ìwòsàn alábọ́dé nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí wọ́n ti ń dúró de nọ́ọ̀sì, ìyá béèrè ohun kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ọmọ fi ẹ̀rín bò ó, ó ní, "Ọjọ́ ogbó ni." Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, ó fún wọn ní oògùn, ó sì ní kí wọ́n máa lọ. Ó lè jẹ́ pé ọjọ́ ogbó ni lóòótọ́. Ó lè jẹ́ àìsàn tí ó yẹ kí ẹbí mọ̀ kí ó tó burú sí i. Ó sì lè jẹ́ àìsàn mìíràn tí oògùn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lè wò sàn. Nọ́ọ̀sì kò mọ èyí tí ó jẹ́, nítorí pé kò béèrè. Ọ̀kan pàtàkì nínú ìdí tí kò fi béèrè ni pé kò ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi béèrè ní èdè tí òun àti ìyá náà jọ ń sọ.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí ni èdè ìbéèrè náà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ẹ̀rọ. Àyẹ̀wò iyè kò ní ẹ̀rọ mìíràn ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ ní ilé ìwòsàn alábọ́dé. Bí ọ̀rọ̀ náà bá wọ́, àyẹ̀wò náà wọ́. Nítorí náà, iṣẹ́ àwọn olùkọ́ èdè àti àwọn atúmọ̀ èdè kò kéré nínú ọ̀ràn yìí sí iṣẹ́ àwọn dókítà.

Orúkọ tí ó yẹ àìsàn náà

Ní ọdún 1906, dókítà ará Jámánì kan, Alois Alzheimer, ṣàlàyé ohun tí ó rí nínú ọpọlọ obìnrin kan tí iyè rẹ̀ ti bàjẹ́ kí ó tó kú. Ní ọdún 1910, Emil Kraepelin fi orúkọ Alzheimer pe àrùn náà nínú ìwé rẹ̀. Àrùn Alzheimer ni ó wọ́pọ̀ jù nínú ẹbí àwọn àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní dementia. Èyí tí ó ń ti ara bíbàjẹ́ òpó ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ wá sì wà lára wọn pẹ̀lú. Èdè Látìnì ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ dementia: "de" dúró fún kíkúrò, "mens" sì dúró fún iyè. Ohun tí àwọn dókítà fi ń dá a mọ̀ ni pé iyè dín kù sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Pé kì í ṣe ìrántí nìkan ni ó kàn, bí kò ṣe òye, ọ̀rọ̀ sísọ àti ìpinnu pẹ̀lú. Pé ó ń burú sí i díẹ̀díẹ̀. Àti pé ó ti ń dí iṣẹ́ òòjọ́ ẹni náà lọ́wọ́.

Yorùbá kò ṣàìní ọ̀rọ̀ fún ohun tí ó jọ èyí. Ìṣòro ni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọ̀rọ̀ náà ru ẹrù mìíràn mọ́ra. "Ìgbàgbé" gbòòrò jù: ọmọ ilé-ìwé ń gbàgbé, olùkọ́ rẹ̀ náà ń gbàgbé. Bí a bá pe àìsàn náà ní àrùn ìgbàgbé lásán, ẹni tí kò rí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yóò máa bẹ̀rù, ọmọ ẹni tí kò mọ ọ̀nà ilé mọ́ yóò sì máa sọ pé kò sí nǹkan. "Ìṣarán" súnmọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ti ọjọ́ ogbó ni a ń lò ó fún. Ṣùgbọ́n èébú wà nínú rẹ̀. Ẹni tí a bá ní ó ń ṣarán, a ti kọ etí ikún sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sí òṣìṣẹ́ ìlera tí ó lè wo ojú bàbá àgbà kí ó sọ fún un pé ìṣarán ni òun wá yẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni ó léwu jù. A máa ń sọ pé wọ́n "ra ènìyàn níyè". Ìhun gbólóhùn yìí fúnra rẹ̀ béèrè olùṣe: bí a bá rà á níyè, ta ni ó rà á? Láti ibẹ̀ ni ìwádìí yóò ti kúrò lára aláìsàn, tí yóò lọ bá orogún, àbúrò tàbí aládùúgbò. Nígbà mìíràn, aláìsàn gan-an ni a ń dá lẹ́bi. Àgbà obìnrin tí ń rìn kiri lóru, tí ń bá òkú sọ̀rọ̀, tí ó sì ń jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe, kò jìnnà sí ẹni tí wọn yóò pè ní àjẹ́. Ọ̀rọ̀ tí a bá yàn lè tì í sọ́dọ̀ dókítà, ó sì lè tì í sí ọwọ́ àwọn tí yóò lù ú.

Ẹnìkan lè dá a lábàá pé kí a ṣẹ̀dá "ìsọyènù" láti ara "sọ iyè nù". Ìtumọ̀ rẹ̀ dára lórí ìwé. Ṣùgbọ́n bí a bá pe "iyè" tí í ṣe agbára ìrántí àti òye papọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe, etí lè gbọ́ ọ bí "ìyè" tí í ṣe wíwà láàyè, pàápàá lórí rédíò. Ẹni tí ó sọ iyè nù kò tíì sọ ìyè nù. Nítorí èyí, "ìdínkù iyè" ni ó dára jù. Ó sọ pé iyè ni ó kàn, kì í ṣe ìrántí nìkan. Ó sọ pé díẹ̀díẹ̀ ni. Kò bú aláìsàn. Kò sì wá ẹni tí yóò dá lẹ́bi.

Àǹfààní mìíràn ni pé ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ́ kí a ya àwọn ohun tí ó jọra sọ́tọ̀. Bí iyè àgbà bá dàrú lójijì, láàárín wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀, tí ó ń jí ojú tí ó sì ń sùn lọ, "ìdàrú iyè" ni. Ibà, àkóràn ilé ìtọ̀, àìmu omi tó tàbí oògùn tí kò bá a lára lè fà á, ìtọ́jú kíákíá sì ni ó ń fẹ́. Bí àgbà bá sorí kọ́, tí oúnjẹ kò wù ú, tí ó sì ń sọ fúnra rẹ̀ pé òun kò rántí nǹkan mọ́, "ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn" lè ni. Èyí náà ní ìtọ́jú. Nọ́ọ̀sì tí ó bá ní orúkọ mẹ́ta lọ́wọ́ yóò béèrè ìbéèrè mẹ́ta. Èyí tí ó bá ní "ọjọ́ ogbó" nìkan kò ní béèrè ọ̀kankan.

Àyẹ̀wò asẹ́ àti àyẹ̀wò àrídájú

Ọ̀rọ̀ kejì tí ó nílò orúkọ ni irú àyẹ̀wò náà. Obìnrin Ẹ̀gbá tí ó bá fẹ́ ro láfún yóò kọ́kọ́ fi asẹ́ jọ èlùbọ́ rẹ̀. Èyí tí ó bá kù sínú asẹ́ kò ì tí ì di ohun ìdànù. Ohun tí a óò tún fi ọwọ́ kàn wò ni. Bí ojú asẹ́ bá fẹ̀ jù, èèpo yóò bá èlùbọ́ kọjá. Bí ó bá há jù, èlùbọ́ tí ó dára yóò kù sórí rẹ̀.

Bákan náà ni àyẹ̀wò kúkúrú tí òṣìṣẹ́ ìlera lè ṣe láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. A lè pè é ní "àyẹ̀wò asẹ́". Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ya àwọn tí ó yẹ kí dókítà tún wò sọ́tọ̀. Èyí tí dókítà yóò wá ṣe, tí yóò fi béèrè ìtàn àìsàn, tí yóò yẹ ara àti ẹ̀jẹ̀ wò kí ó tó sọ orúkọ àìsàn, ni "àyẹ̀wò àrídájú". Agbára asẹ́ láti mú ẹni tí ó ṣàìsàn ni a lè pè ní "agbára àtimú". Agbára rẹ̀ láti jẹ́ kí ẹni tí ara rẹ̀ dá kọjá ni "agbára àtidásí". Ẹni tí asẹ́ mú tí kò ṣàìsàn jẹ́ "àmúṣì". Ẹni tí ó ṣàìsàn tí asẹ́ kò mú jẹ́ "àfòdá". Bí a bá gbé àmì ìkùnà sókè láti dín àfòdá kù, àmúṣì yóò pọ̀ sí i. Kò sí asẹ́ tí kò ní méjèèjì.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe eré ọ̀rọ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ìwádìí ilẹ̀ Yorùbá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ẹ̀kọ́ láti Ìbàdàn

Ìdánwò tí ó gbajúmọ̀ jù lágbàáyé ni èyí tí Marshal Folstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1975, tí gbogbo máàkì rẹ̀ jẹ́ 30. Ó béèrè pé kí ènìyàn kọ gbólóhùn, kí ó ya àwòrán onígun márùn-ún méjì tí ó wọ inú ara wọn, kí ó sì máa yọ 7 kúrò nínú 100. Ẹni tí kò lọ sí ilé-ìwé yóò kùnà nínú púpọ̀ lára rẹ̀ kí a tó mọ̀ bóyá iyè rẹ̀ pé.

Nítorí ìdí yìí, nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà jọ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọn kò lo ìdánwò náà bí asẹ́. Lára àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà ni Benjamin Osuntokun, Adesola Ogunniyi, Oye Gureje àti Olusegun Baiyewu ní Ìbàdàn, pẹ̀lú Hugh Hendrie àti Kathleen Hall ní Indianapolis. Asẹ́ tí wọ́n lò ni èyí tí orúkọ ìkékúrú rẹ̀ ń jẹ́ CSI-D, tí wọ́n ti kọ́kọ́ lò láàárín àwọn ẹ̀yà Cree ní Kánádà. Apá méjì ni ó ní: ọ̀kan jẹ́ ìbéèrè fún àgbà fúnra rẹ̀, èkejì jẹ́ ìbéèrè fún ẹbí tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, wọ́n tún un túmọ̀ padà sí Gẹ̀ẹ́sì láti mọ ibi tí ìtumọ̀ ti yẹ̀, wọ́n sì tún un ṣe.

Àwọn 2,494 tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn, àti 2,212 ọmọ Amẹ́ríkà tí ìran wọn ti Áfíríkà wá ní Indianapolis, ni wọ́n ṣe àyẹ̀wò fún. Lẹ́yìn asẹ́, wọ́n yan lára wọn fún àyẹ̀wò àrídájú. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1995 fi hàn pé ìdá 2.29 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ní ìdínkù iyè ní Ìbàdàn, nígbà tí ó jẹ́ 4.82 láàárín àwọn tí ń gbé nínú ilé ara wọn ní Indianapolis. Ní ọdún 2001 wọ́n tún fi hàn pé àwọn tí àìsàn náà ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dọọdún jẹ́ ìdá 1.35 ní Ìbàdàn àti 3.24 ní Indianapolis.

Ní ọdún 2003 sí 2004, ìwádìí mìíràn tí Gureje darí wáyé láàárín àwọn 2,152 àgbà ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí a ti ń sọ Yorùbá, Ìpínlẹ̀ Ògùn sì wà lára wọn. Ìrántí àkójọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá ni wọ́n fi ṣe asẹ́. Iye àwọn tí wọ́n kà sí ẹni tí ó ṣeé ṣe kí ó ní ìdínkù iyè jẹ́ ìdá 10.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín asẹ́ àti àrídájú yóò rò pé àìsàn náà ti di ìlọ́po mẹ́rin láàárín ọdún mẹ́wàá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ṣe ìwádìí méjèèjì yàtọ̀, ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é yàtọ̀, 2.29 jẹ́ iye àwọn tí dókítà rí dájú, 10.1 sì jẹ́ iye àwọn tí asẹ́ mú. Akọ̀ròyìn tí ó bá fi ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo túmọ̀ méjèèjì yóò da ìlú rú.

Ibi tí ìbéèrè ti ń ṣìnà

Ìtumọ̀ ìbéèrè jẹ́ iṣẹ́ tí ó ṣòro ju bí ó ti rí lójú lọ. Àwọn àpẹẹrẹ díẹ̀ yóò fi èyí hàn.

Èkíní, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdánwò ní kí àgbà dárúkọ ẹranko tí ó bá lè rántí láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí òṣìṣẹ́ bá sọ "ẹran", ẹni tí ó ta ẹran lọ́jà lè bẹ̀rẹ̀ sí í ka ṣàkì, ẹ̀dọ̀ àti ìfun. Bí ó bá sọ "ẹranko", ẹlòmíràn yóò ka ìkookò, ẹtu àti ìmàdò, yóò sì fi ewúrẹ́ àti àgùntàn sílẹ̀, nítorí pé ẹran ọ̀sìn ni ìyẹn lójú rẹ̀. Ẹyẹ àti ẹja kò sì ní sí níbẹ̀ rárá. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí ìbéèrè náà sọ pé ti ilé, ti igbó, ti òkè àti ti inú omi ni a ń fẹ́.

Èkejì, wọ́n máa ń béèrè pé, "Kí ni afárá?" Ẹni tí ó dáhùn pé inú rẹ̀ ni oyin wà kò ṣìnà. Afárá oyin ni ó sọ, kì í ṣe afárá odò. Bí ìwé ìdáhùn kò bá fi àyè sílẹ̀ fún un, àgbẹ̀ tí iyè rẹ̀ pé yóò pàdánù máàkì.

Ẹ̀kẹta ni ohùn. A kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ bí "ọkọ̀" sínú àkójọ ọ̀rọ̀ tí àgbà yóò rántí láìronú, nítorí pé "ọkọ́", "ọkọ" àti "ọ̀kọ̀" súnmọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Àgbà tí etí rẹ̀ ti wúwo, tí ó sọ "ọkọ́" dípò "ọkọ̀", etí ni ó ṣìnà, kì í ṣe iyè. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ ẹyọ kan ní Gẹ̀ẹ́sì lè di méjì ní Yorùbá, bí "etí òkun". Ó sì le fún etí tí kò gbọ́ dáadáa.

Ẹ̀kẹrin ni ìṣirò. Bí a bá yọ 7 kúrò nínú 100, èyí tí ó kù ni mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. Bí a bá tún yọ 7, ó di mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Orúkọ ìdáhùn kejì yìí fúnra rẹ̀ jẹ́ ìṣirò: àádọ́rùn-ún tí a yọ mẹ́rin kúrò nínú rẹ̀. Ìṣirò méjì ni a fún àgbà Yorùbá ṣe níbi tí a ti fún ará Amẹ́ríkà ní ọ̀kan. Ìbéèrè ọjà tọ́ ju èyí lọ: bí ẹ bá ra iyọ̀ 300 náírà, tí ẹ fún ọlọ́jà ní 1,000 náírà, èló ni yóò fún yín padà?

Ẹ̀karùn-ún ni ọjọ́. "Àlàmísì" àti "Ọjọ́bọ̀" jẹ́ ọjọ́ kan náà. Àgbà mìíràn kò mọ déètì, ṣùgbọ́n ó mọ ọjọ́ ọjà tí ó kọjá àti èyí tí ń bọ̀. Ní ti ọjọ́ orí, àwọn onímọ̀ ti rí ọ̀nà tí ó dára: àkójọ ìṣẹ̀lẹ̀ ìtàn tí Ajayi àti Igun ṣe ní ọdún 1963, tí Ogunniyi àti Osuntokun yẹ̀ wò ní Ìbàdàn ní ọdún 1993, ń jẹ́ kí a lè fojú díwọ̀n ọdún tí a bí ènìyàn. Fún àwọn àgbà Ẹ̀gbá òde òní, irú àkójọ bẹ́ẹ̀ lè ní ìgbà tí Aláké Adémọ́lá Kejì kúrò ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn ìjà àwọn obìnrin ní 1948 àti ìpadàbọ̀ rẹ̀ ní 1950, ìbẹ̀rẹ̀ ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ewékorò ní 1960, ọdún 1972 tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní apá ọ̀tún, 1973 tí náírà dé, àti 1976 tí a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀.

Ẹ̀kẹfà ni àwòrán. Ọwọ́ tí kò di pẹ́ńsù rí kò lè ya onígun márùn-ún. Baiyewu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi igi ìṣáná rọ́pò pẹ́ńsù: òṣìṣẹ́ yóò fi igi ìṣáná to àwòrán kan, àgbà yóò sì to irú rẹ̀. Ní ọdún 2005 wọ́n fi hàn pé èyí bá àwọn àgbà tí kò kàwé mu ju yíyàwòrán lọ. Igi ìṣáná yìí wà nínú asẹ́ kúkúrú tí a ń pè ní IDEA pẹ̀lú, èyí tí wọ́n ṣe ní Tàǹsáníà tí wọ́n sì tún dán wò ní Làlúpọn nítòsí Ìbàdàn.

Ìkìlọ̀ kan kò gbọdọ̀ ṣàìwáyé níbí. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ ìbéèrè kan ti pààrọ̀ ojú asẹ́ náà. Kò lè lo àmì ìkùnà àtijọ́ mọ́ àfi bí a bá tún un dán wò láàárín àwọn tí ara wọn dá àti àwọn tí ó ṣàìsàn. Èyí tí a dán wò ní Ìbàdàn pàápàá yẹ kí àwọn tí ó gbọ́ ẹ̀ka-èdè Ẹ̀gbá kà kí a tó lò ó ní Ìtòrí.

Ọ̀wọ̀ nínú ìbéèrè

Nínú àṣà Yorùbá, ọmọdé kì í dán àgbà wò. Nọ́ọ̀sì ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ó bá ṣàdédé béèrè lọ́wọ́ bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún pé, "Kí ni òní?" lè gba èsì pé, "Ṣé ìwọ kò mọ̀ ni?" Èsì yìí kì í ṣe ìkùnà, ìbáwí ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni àgbà tí iyè rẹ̀ ti dín kù lè fi ìbáwí kan náà bo àìmọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀nà tí a fi lè yà wọ́n sọ́tọ̀ ni kí nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ tàbí kí ó jókòó sí ìsàlẹ̀, kí ó tọrọ àyè: "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Àwọn ìbéèrè kan wà tí a ń bi gbogbo àgbà tí ó bá wá síbí. Òmíràn rọrùn, òmíràn le díẹ̀. Ẹ bá mi dáhùn wọn." Gbólóhùn yìí yẹ kí ó wà nínú ìwé ìdánwò gẹ́gẹ́ bí apá kan rẹ̀.

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Nítorí náà, "Ọmọ mélòó ni ẹ bí?" kò yẹ nínú asẹ́. Ìyàwó ilé kì í sì í pe orúkọ àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀. Orúkọ tí ó fún wọn ni yóò dá. Òṣìṣẹ́ tí kò mọ èyí yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò rántí.

Ìbéèrè fún ẹbí náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ní ilé Yorùbá, a kì í retí pé kí àgbà dáná, kí ó fọṣọ tàbí kí ó lọ ra nǹkan. Ọmọ àti ọmọ-ọmọ ń ṣe é. Ìdínkù iyè lè fi ara pamọ́ sábẹ́ ìtọ́jú rere yìí fún ọdún púpọ̀. "Ṣé wọ́n ṣì lè dáná?" kò ní sọ nǹkan kan fún wa. Èyí tí yóò sọ ni: ṣé wọ́n ṣì ń mọ iye owó tí ó wà lọ́wọ́ wọn, ṣé wọ́n ti ṣìnà rí ní àdúgbò tí wọ́n ti ń gbé, ṣé wọ́n ń pe ọmọ kan ní orúkọ òmíràn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí wọ́n bá pe ìpàdé ẹbí, ṣé ọ̀rọ̀ wọn ṣì ń já sí ibi tí ó yẹ?

Lẹ́yìn asẹ́

Ìbéèrè kan kù tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀: ta ni ó yẹ kí a fi asẹ́ jọ̀? Ní ọdún 2020, ìgbìmọ̀ tí ń ṣe ìlànà àyẹ̀wò ìdènà àìsàn ní Amẹ́ríkà sọ pé ẹ̀rí kò tíì tó láti fi mọ̀ bóyá yíyẹ gbogbo àgbà tí kò ní àmì àìsàn wò ń ṣe àǹfààní ju ìpalára lọ. Èyí kò ní kí nọ́ọ̀sì pa ẹnu mọ́ nígbà tí ìyá béèrè ohun kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹni tí àmì ti hàn lára rẹ̀, tàbí tí ẹbí rẹ̀ ti ṣàkíyèsí nǹkan, ni ó yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní ìpìlẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 1954 ni Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀ ní Àró, Abẹ́òkúta, níbi tí aláìsàn ọpọlọ àti ẹbí rẹ̀ ti ń gbé láàárín àwọn ará abúlé, tí wọ́n sì ń gba ìtọ́jú. Ní ọdún 1961, òun àti Alexander Leighton láti Yunifásítì Cornell ṣe ìwádìí ìlera ọkàn ní Abẹ́òkúta àti àwọn abúlé agbègbè rẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gbá ni Olikoye Ransome-Kuti, mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992, ẹni tí ó sọ ìtọ́jú alábọ́dé di òpó ètò ìlera Nàìjíríà. Ní ọdún 2011 ni ilé ìwòsàn Àró bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́dé ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ní ìtọ́jú àwọn àìsàn ọpọlọ tí ó wọ́pọ̀. Ọ̀nà láti Ìtòrí sí Àró ti wà. Èdè tí a óò fi rin ọ̀nà náà ni ó kù láti tò.

Kí òṣìṣẹ́ tó kọ̀wé sí dókítà, àwọn nǹkan wà tí ó lè wò: etí, ojú, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, oògùn tí àgbà ń lò, ọtí, àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ìgbìmọ̀ Lancet sọ ní ọdún 2024 pé nǹkan mẹ́rìnlá ni a lè ṣe àtúnṣe sí, àìgbọ́ràn dáadáa àti ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà lára wọn. Bí a bá mú gbogbo wọn kúrò, ó ṣeé ṣe kí a dènà tàbí kí a dá nǹkan bí ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún ìdínkù iyè dúró fún ìgbà díẹ̀. Kò sí oògùn tí ń wo àrùn Alzheimer sàn. Ṣùgbọ́n ẹbí tí ó mọ orúkọ àìsàn lè ṣètò owó, ilẹ̀ àti ìtọ́jú nígbà tí àgbà ṣì lè sọ ìfẹ́ inú rẹ̀.

Àkójọ àwọn ọ̀rọ̀

Ìdínkù iyè: àìsàn tí ń dín ìrántí, òye àti ìpinnu kù díẹ̀díẹ̀, tí ó sì ń dí iṣẹ́ òòjọ́ lọ́wọ́.
Ìdàrú iyè: rúdurùdu iyè tí ó dé lójijì, tí àìsàn ara tàbí oògùn fà.
Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn: ìbànújẹ́ tí ó di àìsàn, tí ó lè jọ ìdínkù iyè.
Àyẹ̀wò asẹ́: àyẹ̀wò kúkúrú tí ń ya ẹni tí ó yẹ kí a tún wò sọ́tọ̀.
Àyẹ̀wò àrídájú: àyẹ̀wò kíkún tí dókítà fi ń sọ orúkọ àìsàn.
Agbára àtimú: bí asẹ́ ti lè mú aláìsàn tó.
Agbára àtidásí: bí asẹ́ ti lè dá ẹni tí ara rẹ̀ dá sí tó.
Àmúṣì: ẹni tí asẹ́ mú, tí kò ṣàìsàn.
Àfòdá: aláìsàn tí asẹ́ kò mú.

Ìkádìí

Ìyá tí ó béèrè ohun kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin ní ilé ìwòsàn kò béèrè fún orúkọ ńlá. Ohun tí ó tọ́ sí i ni kí nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀, kí ó tọrọ àyè, kí ó béèrè ohun tí ó yẹ ní èdè tí ó yé e, kí ó sì lè sọ fún ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn náà pé: "Asẹ́ ni a fi jọ̀ ọ́, a kò tíì dá ẹjọ́. Ẹ jẹ́ kí dókítà wò wọ́n." Nọ́ọ̀sì kò lè dá ọ̀rọ̀ yẹn ṣẹ̀dá láàárín èrò tí ń tò lẹ́yìn ìyá náà. Inú kíláàsì, inú ìwé àti ní orí tábìlì àwọn atúmọ̀ èdè ni ó ti yẹ kí ó ti bá a pàdé.